Àlejò Tí Ìjọba Ń Sanwó Lé Lórí

Láti kékeré ni Kabirat Gbàdàmọ́sí ti jẹ́ ẹni tí kì í rí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ díẹ̀ kó má yọjú wo inú rẹ̀. Ní Ìkirun tí wọ́n ti bí i, ìyá rẹ̀ a máa sọ pé bí èèyàn bá rán ọmọ yìí ní iyọ̀, ìtàn oníyọ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbé dé kó tó gbé iyọ̀ kalẹ̀. Àgbà kò mú un kúrò lára rẹ̀. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlógún tó ti wà ní Saudi, Jẹ́dà ló kọ́kọ́ ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kó tó wá di ará Mẹ́kà, nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni aláìsàn kan ń lò nídìí ẹ̀rọ náà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kò sì síbi tó lè sá gbà. Kabirat á dúró tì í, á máa wo ìfúnpá rẹ̀, á sì máa bi í léèrè: níbo lẹ ti wá, ọ̀nà wo lẹ gbà wá, ta ló kọ́kọ́ gbà yín sílé? Ẹnu wọn ló ti gbọ́ Lárúbáwá àwọn ará Mẹ́kà, kì í ṣe inú ìwé.

Ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò Rusaifah ní Mẹ́kà, ní àjà kẹta. Abdulateef ọkọ rẹ̀ ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Jẹ́dà, ó ní yàrá kékeré níbẹ̀, ọjọ́ Àlàmísì ló sì máa ń wálé. Kulthum ọmọ wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Èèyàn lè bá a sọ Yorùbá láti àárọ̀ dalẹ́, Lárúbáwá ni yóò fi dáhùn gbogbo rẹ̀.

Nínú oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Ruqoyyah pè é láti ìlú Athlone, ní ilẹ̀ Ireland. Ruqoyyah ti pẹ́ níbẹ̀. Ó lé ní ọdún méjì tó ti gba obìnrin kan tí ogun lé kúrò ní Ukraine sílé. Elzara ni obìnrin náà ń jẹ́, Mùsùlùmí ará Crimea. Kò sí ẹni tí Kabirat kò tíì ròyìn ọ̀rọ̀ yìí fún ní ilé ìwòsàn. Ó máa ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, ó gba ẹni tí kò mọ̀ rí sílé, ó fún un ní yàrá."

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ohùn Ruqoyyah kò dùn.

"Wọ́n fẹ́ gé owó Elzara kù," ló wí.

"Owó wo nìyẹn, Àǹtí?"

"Owó tí ìjọba ń san fún mi lórí rẹ̀ ni. Àbí mi ò sọ fún ọ ni?"

"Ẹ ò sọ fún mi."

Ruqoyyah wá ṣàlàyé. Onílé tó bá gba ará Ukraine sílé ní Ireland, ìjọba ń fún un ní ẹgbẹ̀rin owó Yúrò lóṣù, láìyọ owó orí. Láti oṣù kẹfà, yóò di ẹgbẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ náà ti di àríyànjiyàn káàkiri. Lórí rédíò, àwọn kan ń pariwo pé owó yìí ló sọ ilé rẹ́ǹtì di ọ̀wọ́n gógó, nítorí onílé tó yẹ kó fi yàrá háyà fún ọmọ onílẹ̀ ti fi í fún àjèjì. Àwọn mìíràn ń bèèrè ìdí tó fi jẹ́ ará Ukraine nìkan. Àwọn yòókù ní bí wọ́n bá fagi lé owó náà pátápátá, ojú títì ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn yóò sùn.

"Ládùúgbò wa," ni Ruqoyyah fi parí ọ̀rọ̀, "wọ́n ti ń wò mí bí ẹni tó ń fi èèyàn ṣòwò."

Nígbà tí Kabirat gbé fóònù sílẹ̀, kò bínú. Ọ̀rọ̀ náà kàn ń rìn lára rẹ̀ bí èèrà ni. Ó ti fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ sàárà fún gbogbo ayé, kò mọ̀ pé ẹnì kan ń sanwó rẹ̀. Ṣé olóore tó ń gbowó ṣì jẹ́ olóore? Kí ló dé tí ìjọba yóò tilẹ̀ máa sanwó fún ohun tí ìyá wọn ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìkirun?

Abdulateef kò ráyè wálé lọ́sẹ̀ náà, nítorí náà ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Kabirat àti Kulthum lọ bá a ní Jẹ́dà, wọ́n sì yà sílé Tinúọlá, ọ̀rẹ́ Kabirat. Òun àti Tinúọlá ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Jẹ́dà lọ́jọ́ kìíní. Clement ọkọ Tinúọlá ń tún ẹ̀rọ tó ń gbẹ́rù ṣe ní èbúté. Àwọn méjèèjì jẹ́ onígbàgbọ́, àwọn mélòó kan sì máa ń pé jọ sí pálọ̀ wọn láàárọ̀ Jímọ̀ láti gbàdúrà. Ìgbà tí Kabirat wọlé, àga ṣì wà ní ìlà ìlà. Ó bá Tinúọlá tò wọ́n padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Abdulateef dé láti mọ́ṣáláṣí, wọ́n jókòó jẹun. Kabirat kò jẹ́ kí ìrẹsì tutù kó tó gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìjọba tó lóye ni," ni Clement sọ. "Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ ń kó wọn sí. Ẹ mọ iye tí òtẹ́ẹ̀lì ń gbà. Bí wọ́n bá fún onílé ní ìdá kékeré nínú rẹ̀, èrè ni fún ìjọba, Àlàájà."

"Èmi ò bá ìjọba wí," Abdulateef dáhùn. "Onílé ni mò ń bá wí. Ẹni tó gbàlejò tó tún gbowó, òun fúnra rẹ̀ ti sọ ilé rẹ̀ di òtẹ́ẹ̀lì. Kó máa pè é ní oore ni mi ò fẹ́."

Tinúọlá gbé ṣíbí kalẹ̀. "Bàbá Kulthum, ẹ ti gba ẹnì kan sílé fún ọdún méjì rí? Oṣù mẹ́rin ni àbúrò Clement lò nínú ilé yìí. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, bó ṣe ń fi ṣíbí ro tíì lásán, àyà mi á ti máa já. Bí ẹnì kan bá ní òun yóò sanwó ìró ṣíbí yẹn fún mi, mi ò ní kọ̀ ọ́."

Clement wo ìyàwó rẹ̀. "O ò sọ ọ́ fún mi rí."

"O ò bi mí rí."

Abdulateef rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò jọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní nínú ẹ̀sìn, ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ̀tọ́ àlejò, ohun tó bá lé ní ọjọ́ mẹ́ta, sàárà ni.

"Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an nìyẹn," ni Kabirat wí. "Ta ló ni ọjọ́ kẹrin? Bí ó bá wá di ẹgbẹ̀rin ọjọ́ ńkọ́, ṣé olúwarẹ̀ nìkan ni yóò máa dá sàárà ṣe, tí gbogbo ìlú yóò sì máa wò ó?"

Tinúọlá ló wá bèèrè, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn já bọ́ lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n yín náà ńkọ́? Nígbà tí àwọn fúnra wọn dé Ireland, ta ni ìjọba sanwó fún kó gbà wọ́n sílé?"

Kabirat kò mọ̀. Òun tó ń bi ará Burma àti ará Chad léèrè ọ̀nà tí wọ́n gbà dé Mẹ́kà, kò tíì bi ọmọ ìyá rẹ̀ rí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀ ni Ruqoyyah wá sí Mẹ́kà ṣe úmúrà, òun àti Elzara. Ó ti kìlọ̀ lórí fóònù kó tó gbéra: "Kabirat, mo mọ̀ ẹ́. Má bi obìnrin yìí ní ọ̀rọ̀ owó." Kabirat sì ṣèlérí.

Ní pápákọ̀ òfúrufú Jẹ́dà, ó rí obìnrin kékeré kan tó ń tọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn, ó fi gèlè pélébé wérí, ó so ó sẹ́yìn ọrùn. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó ti gbé ìgò èso ṣẹ́rì tó fi ṣúgà sè mọ́ra láti Ireland, ó fi aṣọ ìnura mẹ́ta wé e kó má bàa fọ́, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún Kabirat bí ẹni ń fúnni ní ọmọ jòjòló. Tíṣà ni nílùú rẹ̀. Ní Uzbekistan ni wọ́n ti bí i, níbi tí ìjọba ayé ọjọ́un kó gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ lọ ní tipátipá. Wọ́n padà sí Crimea nígbà tó di ìyàwó ilé. Rọ́ṣíà gba Crimea, ó sá lọ sí Kherson. Ogun tún bá a ní Kherson. Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá gbé kalẹ̀, ó ti rò ó dáadáa.

Wọ́n ṣe úmúrà wọn láyọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ Ruqoyyah wú, ó sinmi sílé. Ọjọ́ ìsinmi Kabirat ni, àmọ́ ó fẹ́ lọ sí àdúgbò Nakkasah lọ wo aláìsàn rẹ̀ kan tí kò wá sídìí ẹ̀rọ lánàá. Umm Muath ni wọ́n ń pè é, ìyá arúgbó tí àwọn òbí rẹ̀ gbé wá láti Burma. Elzara ní òun yóò bá a lọ.

Orí òkè ni Nakkasah wà. Ilé gun ilé, ọ̀nà ibẹ̀ kò gba ọkọ̀, àtẹ̀gùn ni wọ́n ń gùn. Elzara ń dúró mí nígbà kọ̀ọ̀kan, ó ń wo àwọn aṣọ tí wọ́n sá àti àwọn ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n bá Umm Muath lórí ẹní. Ọmọ rẹ̀ ló ní ọkọ̀ òun bàjẹ́. Kabirat bá a wí gidigidi, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá omi ti gbà á, ó pe ilé ìwòsàn, wọ́n sì fún un ní àyè fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí ọkàn ti balẹ̀, arúgbó náà bèèrè ẹni tí àlejò yìí jẹ́. Kabirat sọ pé ogun ló lé e kúrò nílé, pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ló ń gbé.

"Èmi náà gbé ọ̀dọ̀ ẹni rí," ni Umm Muath wí. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tá a wọ Mẹ́kà. Ọkùnrin ìlú wa kan tó ti ṣáájú wa dé ló fún wa ní yàrá iwájú. Ọdún mẹ́rin gbáko. Kò gba kọ́bọ̀."

Kabirat túmọ̀ rẹ̀. Elzara gbọ́ ọ, ó ní, "Èèyàn rere ni."

Arúgbó náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Èèyàn rere ni. Ìyá mi ló fọ gbogbo aṣọ ilé yẹn fún ọdún mẹ́rin. Bí mo bá fẹ́ wúkọ́, ìyá mi á fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu kí wọ́n má bàa gbọ́. Títí tó fi kú, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọkùnrin náà, á gbàdúrà fún un, lẹ́yìn náà á dìde kúrò nínú yàrá."

Kabirat túmọ̀ ìyẹn náà, ó sì rọra túmọ̀ rẹ̀. Elzara na ọwọ́, ó di ọwọ́ arúgbó náà mú, èyí tí abẹ́rẹ́ ti sọ di kókó kókó, wọ́n sì jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn.

Nígbà tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀, Elzara jókòó lórí àtẹ̀gùn kan níbi tí òjìji wà.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ sọ fún mi pé o máa ń bèèrè ọ̀rọ̀," ló wí. "Láti ọjọ́ mẹ́ta, o ò bi mí ní nǹkan kan. Ó ti ní kó o má bèèrè, àbí?"

Ojú ti Kabirat. "Mo ṣèlérí fún wọn, Màmá."

"Èmi ò ṣèlérí. Nítorí náà, èmi ni màá sọ ọ́." Ó nu ojú rẹ̀. "Nígbà tí mo kúrò ní Kherson, ọ̀dọ̀ ìbátan ọkọ mi ní Poland ni mo kọ́kọ́ lọ. Ọ̀fẹ́ ni. Èèyàn rere ni wọ́n. Oṣù mẹ́rin ni mo lò, mi ò fọwọ́ mi ṣí fíríìjì wọn rí. Bí ebi bá ń pa mí, màá dúró dìgbà tí ẹnì kan bá ní, 'Elzara, wá jẹun.' Nígbà tí mo dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ, mo mọ̀ pé ìjọba ń fún un ní nǹkan. Lọ́jọ́ kìíní, mo ṣí fíríìjì. Mo bu wàrà, mo sì mu ún lórí ìdúró."

"Nígbà náà, owó yẹn dára lójú yín?"

"Ó dára, kò sì dára. Owó kọ́ ló dùn mí. Rédíò ni. Mò ń fọ abọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀ bóyá mo tó ẹgbẹ̀rin tàbí ẹgbẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ sáré wọlé, ó pa á. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti wọ yàrá, á pa rédíò. Ó rò pé òun ń dáàbò bò mí. Ìgbà tó bá pa á ni mo máa ń rántí pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi."

Kabirat jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn. Ìbéèrè mẹ́wàá ló kún ẹnu rẹ̀, kò bèèrè ọ̀kankan. Àwọn tó ń kọjá ń rọra yà fún wọn.

Nígbà tí wọ́n délé, Elzara lọ kírun. Ruqoyyah wà nílé ìdáná, ó gbé ẹsẹ̀ lé orí àpótí. Kabirat bẹ̀rẹ̀ sí gé àlùbọ́sà, ó sì bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ohun tí Tinúọlá ti bi í.

"Àǹtí, nígbà tẹ́ ẹ dé Ireland, níbo lẹ gbé?"

Ruqoyyah wò ó. "Ó ti pé ogún ọdún. Òní lo wá ń bi mí?"

"Ẹ má bínú."

"Ọdún márùn-ún ni mo lò ní àgọ́ tí wọ́n ń kó àwọn tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ibùgbé sí. Obìnrin méjì àti ọmọ kan la jọ wà nínú yàrá. Wọn ò jẹ́ ká dáná. Wọn ò jẹ́ ká ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kò sí ìjọba tó ní kí ẹnì kan wá mú mi lọ sílé òun kí wọ́n san án padà fún un." Ó tún ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé sórí àpótí dáadáa. "Nígbà tí wọ́n kéde owó Ukraine, gbèsè ilé ti wọ̀ mí lọ́rùn. Owó ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ̀yìn ìgbà tó dé ni mo tó rí èèyàn. Wọ́n fún un ní ìwé iṣẹ́ kíákíá. Lọ́jọ́ náà, mo wọ ilé ìwẹ̀, mo ṣí omi sílẹ̀, mo sì sunkún. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀."

Kabirat ti gbàgbé àlùbọ́sà. "Ṣé ìyẹn lẹ fi ń pa rédíò?"

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ rédíò fún ọ?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Mi ò bi wọ́n."

Ruqoyyah fi gèlè nu ojú. "Àwọn tó ń pè sórí rédíò yẹn, nígbà mìíràn, ohun tí èmi náà ti rò nínú ọkàn mi ni wọ́n ń sọ. Mi ò fẹ́ kó gbọ́ ọ, kó wá wo ojú mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà fúùlù, Ruqoyyah sọ ọ́ fún Elzara, ó sọ ọ́ láìfi nǹkan kan pamọ́. Ó ní owó ló mú òun fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ó ní yóò dín kù, ṣùgbọ́n òun ò ní torí ìyẹn sọ pé kó máa lọ.

"Nọ́ńbà mi ló wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn," Elzara dá a lóhùn. "Èmi ni mo kà á fún ọ. Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tí fọ́ọ̀mù wà fún ni? Láti oṣù kẹfà, nínú owó iṣẹ́ mi, èmi ni màá máa san owó iná."

"Rárá o. Àlejò mi ni ẹ́."

"Nígbà náà, mi ò ní ṣí fíríìjì mọ́."

Ruqoyyah kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ fíríìjì ti wá. Kabirat bú sẹ́rìn-ín débi pé Kulthum yọjú láti yàrá rẹ̀ láti bèèrè ní Lárúbáwá ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì ní láti ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà rò ó, ó ní, "Ṭáyyíb, ó dáa, kó san owó iná," ó sì padà sínú yàrá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe é.

Oṣù kẹfà dé, ìjọba gé owó náà kù, àwọn èèyàn sì ń jiyàn lọ lórí rédíò. Ní Jẹ́dà, Abdulateef gbọ́ gbogbo ohun tí ìyàwó rẹ̀ rò fún un, ó ní òun ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ òun pé kò yẹ kí wọ́n pè é ní oore. Ó wá fi kún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nǹkan mìíràn tó dára, tí òun ò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Tinúọlá ní kò sí ohun tó burú kó máà lórúkọ.

Nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀ ní Ireland, Elzara rí iṣẹ́ sí ilé ìwé kan ní ìlú kejì, òun àti obìnrin Ukraine méjì sì jọ gba ilé. Ruqoyyah fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé àlejò òun ti lọ, kí wọ́n dá owó dúró. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò lè wọ yàrá náà láti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Elzara sì ń wá kí i lọ́jọ́ Àìkú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ruqoyyah pe Kabirat pé ẹnì kan ti wà nínú yàrá náà, ọ̀dọ́bìnrin ará Sudan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó. Ìjọba kì í sanwó lórí irú rẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń mú díẹ̀ wá lóṣù, Ruqoyyah ló ní kó máa mú un wá.

Kabirat bẹ̀rẹ̀: apá ibo ni Sudan, ta ló mú un wá, ọ̀nà wo ló gbà, ṣé òbí rẹ̀ wà láàyè?

"Lárúbáwá ló ń sọ," ni Ruqoyyah wí. "Bi í fúnra rẹ."

Ó gbé fóònù fún ọmọ náà. Kabirat gbọ́ bó ṣe ń gbà á, ó gbọ́ ìró omi tó ń hó lórí iná lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà ohùn tínrín kan kí i ní sàláámù. Ó dáhùn, ó fa àga, ó sì bi í pé kí ni wọ́n ń sè.